Ọ̀pá gígùn, okùn wúwo, ìwọ̀ tí kò ní ìjẹ: Báyìí ni wọ́n ṣe ń pa ẹja trout lódò Spey

Àwọn olùgbọ́ wa tó wà ní Ìlú Ọba ti fi irú fídíò yìí ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òyìnbó kan dúró sínú odò, omi dé e ní itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá kan tó gùn ju yàrá lọ mú, ó ń yí okùn káàkiri bí ẹni ń fi pàṣán ṣeré. Kò sí òjé nídìí okùn, kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀: ṣé ẹja lẹni yìí ń pa ni àbí ijó ló ń jó?

Ẹja ló ń pa o. Spey casting ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó ń gbà ju okùn yẹn, orúkọ odò kan ní Scotland ni wọ́n sì fi pè é. A ń ṣe àlàyé yìí nítorí pé àwọn kan lára àwọn tó ń bi wá léèrè ti ń wo iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó náwó, àti kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ odò, ohun kan wà tó yẹ kó yé wọn: kì í ṣe agbára apá ló ń gbé okùn yẹn débi tó ń lọ. Omi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí èyí kò bá yé, ó lè ra ọ̀pá tó wọ́n jù lọ́jà, ojú ara rẹ̀ ni ìwọ̀ máa wá kọ́.

Okùn ló wúwo, kì í ṣe ìwọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tá a mọ̀. Nílé níbí, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja á so òjé mọ́ okùn, á fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, á sì jù ú. Òjé yẹn ló wúwo, òun ló ń fa okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ sínú omi. Bí òjé bá já, ìwọ̀ ò ní lọ síbì kankan.

Ti ẹja trout yàtọ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé lábẹ́ òkúta nínú omi wà lára ohun tó ń jẹ jù. Bí àkókò wọn bá tó, wọ́n á gòkè wá sójú omi, wọ́n á hu ìyẹ́, wọ́n á sì fò lọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni trout ti ń ṣọ́ wọn. Nítorí náà, apẹja á mú ìwọ̀ kékeré, á fi òwú, irun ẹranko àti ìyẹ́ ọrùn àkùkọ adìyẹ wé e lára títí tó fi máa jọ kòkòrò. Kòkòrò àtọwọ́dá yìí ni wọ́n ń pè ní fly. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó fúyẹ́ púpọ̀. Ẹ mú ìyẹ́ adìyẹ kan kẹ́ ẹ fi gbogbo agbára jù ú, iwájú yín níbẹ̀ náà ló máa bọ́ sí.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n gbé ìwúwo kúrò nídìí okùn, wọ́n fi í sára okùn fúnra rẹ̀. Okùn yìí nípọn, wọ́n fi ike bò ó lára, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń mọ bó ṣe wúwo tó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún trout ni nọ́ńbà 5. Tẹ́ ẹ bá gé 30 ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, á wọn 140 grain, ìyẹn bíi gíráàmù 9. (Grain jẹ́ òṣùwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lò fún okùn yìí títí dòní. Ẹ fi sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀ tá a bá dórí ọ̀rọ̀ owó.) Láàárín okùn nínípọn yìí àti kòkòrò àtọwọ́dá, wọ́n máa ń so okùn mìíràn tó tín-ín-rín tó sì mọ́ gaara sí i, kí ẹja má baà tètè fura.

Ọ̀pá náà le nísàlẹ̀, ó rọ̀ lórí. Bí okùn bá fà á, á tẹ̀. Bó bá fẹ́ nà padà, á ta okùn lọ, bí ọrun ṣe ń ta ọfà. Ṣùgbọ́n ọrun kò lè tẹ̀ bí ẹnì kan kò bá fa ọsán rẹ̀. Nǹkan gbọ́dọ̀ di okùn mú lẹ́yìn kí ọ̀pá tó lè tẹ̀ síwájú. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nìyẹn.

Nínú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, apẹja á kọ́kọ́ ju okùn sẹ́yìn gba orí èjìká, á dúró títí tí okùn á fi nà tán lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà yẹn ni á tó wá tì í síwájú. Ìwúwo okùn tó nà sẹ́yìn yẹn ló ń tẹ ọ̀pá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yìn yín bá ṣófo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ju 60 ẹsẹ̀ bàtà síwájú, ẹ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó súnmọ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́yìn.

Igi àti òkè ló fà á

Odò Spey bẹ̀rẹ̀ láti adágún kékeré kan tó ń jẹ́ Loch Spey lágbègbè òkè ńlá ní àríwá Scotland. Ó gba ẹ̀bá Aviemore àti Grantown-on-Spey, ó gba Craigellachie, kó tó wọ òkun ní Spey Bay. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 107. Àgbègbè kan náà ni wọ́n ti ń pọn ọtí whisky tí àwọn àgbà wa kan mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ wa lónìí.

Odò yìí ń sáré, ó fẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, bèbè rẹ̀ ga dúró ṣánṣán, igi sì bò ó. Ẹni tó bá ju okùn sẹ́yìn níbẹ̀, igi ló máa pa, kò ní pa ẹja. Bẹ́ẹ̀ ẹja salmon àti trout máa ń wà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Àárín nǹkan bí ọdún 1850 síwá-sẹ́yìn ni àwọn apẹja ibẹ̀ sọ ọ̀nà mìíràn di iṣẹ́ ọwọ́ wọn: okùn ò ní nà tán sẹ́yìn rárá, etí rẹ̀ á ṣì wà lórí omi, omi náà ni á sì dì í mú títí ọ̀pá á fi tẹ̀.

Igi greenheart tí wọ́n ń kó wá láti Guyana ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá nígbà náà. Ọ̀pá míì gùn tó 18 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì wúwo débi pé ọwọ́ kan kò lè gbé e. Ìyẹn ló mú ọwọ́ méjì wá. Ọparun tí wọ́n là tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ ló tẹ̀lé e, fáíbà tẹ̀lé ìyẹn, kábọ́ọ̀nù ni ti òde òní. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì náà ni wọ́n ṣì fi ń dì í mú.

Bí wọ́n ṣe ń jù ú

Ohun kan wà tí fídíò kì í fi hàn dáadáa. Tí kòkòrò àtọwọ́dá bá ti balẹ̀ sí òdìkejì odò, apẹja kì í fà á padà kíá. Á jẹ́ kí omi gbé e, okùn á sì máa yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òdìkejì títí tí á fi nà tọ́ọ́rọ́ sí ìsàlẹ̀ odò, lápá ibi tí omi ń ṣàn lọ. Bó ṣe ń yí bọ̀ yẹn ni trout máa ń gbá a mú. Bó bá yí tán tí ẹja kò jẹ, apẹja á gbé ẹsẹ̀ kan tàbí méjì lọ sísàlẹ̀, á tún jù ú. Ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jù ú, ìsàlẹ̀ odò ni okùn wà, òdìkejì ló sì fẹ́ kó lọ. Ó gbọ́dọ̀ yí ojú okùn padà kó tó jù ú. Yíyí ojú padà yìí ló dà bí ijó.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni roll cast. Ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ọwọ́ yín á fi dé ẹ̀gbẹ́ etí, ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀ láti orí ọ̀pá sẹ́yìn èjìká yín, kí etí rẹ̀ ṣì wà lórí omi níwájú. Tí ẹnì kan bá wò yín láti ẹ̀gbẹ́, á rí lẹ́tà D: ọ̀pá ni igi D, okùn tó rọ̀ sẹ́yìn ni ikùn rẹ̀. Ẹ wá ti ọ̀pá síwájú, kí ẹ sì dá a dúró lójijì nígbà tí orí rẹ̀ ṣì ga. Okùn á ká bíi táyà lójú omi, á sì nà. Ẹni tó bá tẹ ọ̀pá wọlẹ̀ títí tó fi kan omi ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí ibi tí orí ọ̀pá bá kọjú sí ni okùn ń lọ.

Apá ibi tí okùn ti fara kan omi, ìdákọ̀ró ni wọ́n ń pè é, bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ yẹn bá a mu. Tí ìdákọ̀ró bá kéré jù, á já kúrò lójú omi kí ọ̀pá tó tẹ̀, okùn á sì ta gbọ́n-ọ́n bíi pàṣán lẹ́yìn yín. Tó bá pọ̀ jù, omi á gbá okùn mú pinpin, gbogbo agbára yín á sì parí síbi fífà á kúrò nínú omi. Èyí tó dáa wà láàárín, kìkì etí okùn àti okùn tín-ín-rín yẹn ló yẹ kó kan omi, ní nǹkan bí gígùn ọ̀pá kan sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú èyí tí wọ́n ń pè ní double Spey, nítorí òun ló máa ń rọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́rùn jù. Ká ní ẹ kọjú sí odò, omi ń ṣàn láti ọwọ́ òsì yín lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Okùn ti yí tán, ó wà lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yín ló wà lókè ọ̀pá, òsì wà nísàlẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́ kí okùn lè kúrò lábẹ́ omi. Ẹ gbé e kọjá iwájú yín lọ sápá òsì, kẹ́ ẹ sì tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, kí okùn sùn síwájú yín ṣùgbọ́n kí etí rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún. Ẹ wá gbé ọ̀pá padà sápá ọ̀tún, bí ẹni ń gba ilẹ̀ lójú omi, ẹ ó máa gbọ́ bí okùn ṣe ń ya kúrò lára omi, ṣàà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá gòkè dé èjìká ọ̀tún, D ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ tì í síwájú, ẹ dá a dúró lókè.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kánjúkánjú, èkejì sì ni agbára. Pàápàá jù lọ lọ́dọ̀ àwa ọkùnrin, ẹ má bínú. Ọwọ́ òkè kọ́ ló yẹ kó ṣiṣẹ́ jù, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni. Òun ló ń fa ìdí ọ̀pá wá sí ikùn, ọwọ́ òkè kàn ń ṣe bí ibi tí ọ̀pá ti ń yí ni. Ẹni tó bá ti wo àwọn apẹja etí ọ̀sà wa bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n á ti rí irú ẹ̀ rí: géńdé á fi tagbára-tagbára jù ú kó dì bí òkúta, bàbá arúgbó á kàn yí ìbàdí díẹ̀, àwọ̀n á sì ṣí bí agbòjò.

Atẹ́gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kà nìyí, nítorí ojú ènìyàn ló wà níbẹ̀. D tí a sọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ara ló máa ń wà, ìwọ̀ sì wà létí okùn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tí D wà wá sọ́dọ̀ yín, á gbé okùn àti ìwọ̀ wá sára yín bẹ́ ẹ ṣe ń jù ú. Ìlànà ibẹ̀ ṣe kedere: ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ni kí D wà, kó lè máa gbá okùn jìnnà sí yín.

Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, double Spey tí a ṣàlàyé lókè ló bá a mu, torí ìsàlẹ̀ ni D rẹ̀ ń wà. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ snake roll, níbi tí orí ọ̀pá ti ń ya òbìrípo kan lójú afẹ́fẹ́, òun náà wà fún irú atẹ́gùn yìí. Bó bá jẹ́ pé òkè odò ni atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, single Spey ni wọ́n ń lò: apẹja á gbé okùn láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á jẹ́ kí etí rẹ̀ balẹ̀ lápá òkè odò, D á sì wà níbẹ̀. Òun ló lẹ́wà jù láti wò, òun náà ló sì le jù, torí bí ìdákọ̀ró bá balẹ̀ síbi tí kò yẹ, ẹ ò ráyè tún un ṣe.

Nítorí náà, kí apẹja tó ju okùn àkọ́kọ́, á kọ́kọ́ wo ibi tí ewé igi ń fì sí. Á wọ awò ojú, bí oòrùn ò tiẹ̀ ràn. Á wọ fìlà. Á sì fi páànì tẹ ẹnu ìwọ̀ tó máa ń há sínú ẹran mọ́lẹ̀, tó bá wọ ènìyàn lára á rọrùn láti yọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò tiẹ̀ nílò ìwọ̀ rárá, òwú pupa díẹ̀ létí okùn ti tó. Ṣùgbọ́n kó má lọ kọ́ ọ lórí pápá o. Koríko kì í di okùn mú bí omi ṣe ń dì í, ìdákọ̀ró á kàn máa yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ tó náwó

Ọ̀pá ọwọ́ méjì tó wà fún salmon lódò ńlá bíi Spey sábà máa ń gùn tó 13 sí 15 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀tanú tèmi rèé: ẹni tó bá fẹ́ pa trout kò nílò ìyẹn. Trout kékeré létí ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀pá ọwọ́ méjì tí wọ́n ṣe fún trout ti wà, ó ń gùn ní nǹkan bí 10 ẹsẹ̀ bàtà ààbọ̀ sí 11 ààbọ̀, nọ́ńbà 2 sí 4. Tí odò àdúgbò yín kò bá fẹ̀, ọ̀pá ọwọ́ kan tó gùn tó 9 ẹsẹ̀ bàtà, nọ́ńbà 4 tàbí 5, ti tó. Ọ̀pá ọwọ́ kan náà lè ṣe gbogbo Spey tí a sọ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni okùn. Nọ́ńbà 4 tó wà lára ọ̀pá ọwọ́ méjì kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà 4 ti ọ̀pá ọwọ́ kan. Okùn ti ọwọ́ méjì lè wúwo ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà nìkan rà á, okùn tí kò lè tẹ ọ̀pá ni yóò gbé délé, á wá máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n jù. Ẹ wo iye grain tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pá kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra okùn tó bá a mu. Oríṣi méjì tẹ́ ẹ máa pàdé ni Scandi, tó wá láti Sweden àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, tó gùn díẹ̀ tó sì ń balẹ̀ jẹ́jẹ́, àti Skagit, tí wọ́n fi orúkọ odò kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà pè, tó kúrú tó sì wúwo fún gbígbé kòkòrò àtọwọ́dá ńlá. Fún trout, Scandi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti reel, ìyẹn ohun roboto tí wọ́n ń ká okùn mọ́, èyí tí kò wọ́n náà á ṣiṣẹ́.

Dípò ọ̀pá olówó gọbọi, ẹ fi díẹ̀ nínú owó yẹn gba olùkọ́ fún wákàtí méjì. Ẹ fi ìyókù ra ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ o. Bẹ́ ẹ bá ṣubú, òun ni kò ní jẹ́ kí omi tètè kún inú ṣòkòtò. Omi odò Scotland tutù, ó ń sáré, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání, ẹ má jẹ́ kí omi kọjá itan, ẹ wọ ẹ̀wù tó ń gbé ènìyàn léfòó. Ẹ sì gbójú sókè wò kẹ́ ẹ tó na ọ̀pá, torí kábọ́ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí apẹja jìnnà sí wáyà iná tó bá gba òkè kọjá, ó kéré tán 30 mítà.

Òfin ibẹ̀

Ní England, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Environment Agency kó tó fi ọ̀pá pa trout. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 13 sí 16, ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ á sanwó. Wọ́n lè bu owó ìtanràn tó tó £2,500 lé ẹni tí kò bá ní in. Lórí èyí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ pẹja. Ní Scotland, irú ìwé àṣẹ ìjọba bẹ́ẹ̀ kò sí, àyàfi lágbègbè Border Esk, ṣùgbọ́n àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ẹja pípa níbẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Odò tó ń ṣàn gba inú ìgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò lólówó. Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ pípa salmon ní Scotland rárá. Fún trout, láti 15 oṣù kẹta sí 6 oṣù kẹwàá ni ọ̀nà ṣí.

Èyí tó máa ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ jù nínú ẹja salmon tí wọ́n bá mú ní Spey, inú omi ni wọ́n ń dá a padà sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ tán láyé, fi salmon ti Great Britain sí ipò àwọn tó wà nínú ewu. Trout náà kì í fẹ́ omi tó gbóná. Bí omi bá ti ń súnmọ́ 20°C, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ apẹja gidi á sì ká okùn wọn. Ìdí kan náà nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi ní rí i lódò Ògùn tàbí lódò Ọ̀ṣun, bó ti wù kẹ́ ẹ ju okùn tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ẹja padà, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọwọ́ yín sómi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e jáde nínú omi bó bá ṣeé ṣe, ẹ yọ ìwọ̀, kẹ́ ẹ sì di ara rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á jàjà lọ bí okun rẹ̀ bá padà.